Ìwé Tó Há Sínú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ ní Festac

Àwọn tó bá lọ sí òkèèrè, tí wọ́n bá fẹ́ ròyìn, òtútù ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Wọn á ní yìnyín bọ́ lù wọ́n, wọn á ní aládùúgbò kò dáhùn nígbà tí àwọn kí i. Tèmi kò ní yìnyín nínú. Òkèèrè tí mo lọ, ooru ibẹ̀ ju ti ilé wa lọ, aládùúgbò sì ń dáhùn ìkíni kó tó di pé èèyàn kí i tán. Yorùbá náà ni wọ́n ń sọ, tàbí ohun tí wọ́n ń pè ní Yorùbá. Festac l'Ékòó ni mò ń wí. Kétu ni mo ti wá, Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ìjọba ti ń fi èdè Faransé pàṣẹ. Mo kàwé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà yanjú, mi ò ríṣẹ́, mo sì fi ilé sílẹ̀. Ìlú tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń wá ọ̀nà àtisá kúrò ni èmi sá lọ.

Abúlé Adó ni mo ti gba yàrá. Bàbá onílé jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó ń wò mí láti òkè délẹ̀.

"Níbo lo ti wá?"

"Kétu ni, Bàbá."

"Kétu tó wà lọ́nà Ìkòròdú?"

"Rárá, sà. Kétu gan-an. Ti Bẹ̀nẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ègùn ni ẹ́ nìyẹn."

"Yorùbá ni mí, Bàbá. Ìlú wa lọ́ba láti ọjọ́ tó ti pẹ́."

Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "O gbọ́ Yorùbá dáadáa o. Fún Ègùn."

Lójú tirẹ̀, ó ń yìn mí ni. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo gba kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú tín-ín-rín wo gbogbo wọn, mi ò ní parọ́, ó ràn mí lọ́wọ́ láti máa gbé láàárín wọn. Wọ́n á fi bí mo ṣe ń fa ọ̀rọ̀ ṣẹ̀fẹ̀, àwọn tí kò lè ka iye láti oókan dé ogún láì bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lójú ọ̀nà. Ọmọ wọn á kí mi ní "Gúùdù mọ́níìn, Àǹtí," ìyá rẹ̀ á sì yọ̀ bí ẹni pé ọmọ náà gba ẹ̀bùn. Èmi náà ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Tí mo bá délé, mo máa ń sín wọn jẹ níwájú dígí.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Festac ló gbà mí síṣẹ́. Ọ̀gá Dípò ló ni ín, ọkùnrin kan tó ń gbé Raji Rasaki Estate, tó máa ń wọ kóòtù nínú ooru, tó sì kọ ọ́ sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù pé kò sí ìṣòro kọ̀ǹpútà tí òun kò lè yanjú. Iṣẹ́ tí a ń ṣe jù ni kí a bá àwọn èèyàn kọ ìwé ìbéèrè fún físà. Ọkùnrin kan á jókòó níwájú mi, á sọ fún mi pé òun kò lè gbé láàárín àwọn àjèjì títí láé, kìkì pé kí òun lọ ríṣẹ́ díẹ̀ kí òun padà. Àjèjì tó ń bá a tẹ̀wé rèé, kò rí i.

Ọjọ́ kìíní mi níbẹ̀, ojú tì mí. Kíbọ́ọ̀dù ti Faransé ni ọwọ́ mi mọ̀, ibi tí "a" wà lórí rẹ̀ ni "q" wà lórí tiwọn. Oníbàárà kan ń jẹ́ Alàbá. Mo tẹ orúkọ rẹ̀ láì wo ọwọ́ mi, ó jáde ní "Qlqbq". Ọ̀gá Dípò gbé bébà náà sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè rí i.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ gírádúéètì!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ọwọ́ mi ti mọ kíbọ́ọ̀dù wọn ju ọwọ́ Ọ̀gá Dípò lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé ìyẹn sókè kí ayé wò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní ilẹ̀ Faransé, òun sì ni ọmọ tó lọ sí òkèèrè lójú gbogbo ilé.

"Àbúrò rẹ fi fọ́tò ránṣẹ́," ìyá mi á wí. "Kóòtù ńlá ló wọ̀. Ìwọ náà ti ra kóòtù?"

"Ìyá mi, ooru ń mú níbí."

"Òkèèrè wo ni ooru ti ń mú?"

"Èkó mà ni mo wà."

"Mo mọ̀. Àwọn èèyàn ló ń béèrè." Á wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀?"

Mo máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí mo ti ń dáwà jù nìyẹn, kí ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn máa yé mi, kí wọ́n sì máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo dití. Ẹni tó wà láàárín àwọn òyìnbó, ó kéré tán, kò retí pé kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ tí Màmá Fọláyan wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ló gbé páálí tẹ̀lé e. Arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ funfun, ó ń fi ọwọ́ tọ́ ògiri nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji èèyàn, ṣùgbọ́n kò lè kàwé mọ́. Ohun tí a yọ nínú páálí náà jọ kíbọ́ọ̀dù tó sanra, gbogbo kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n láyé àtijọ́. Àpótí kékeré kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tí wọ́n ń ki díìsìkì bọ̀, àti àwọn díìsìkì náà nínú agolo bisikíìtì.

"Ìwé tí mo kọ ló wà nínú rẹ̀," ó wí. "Mo fẹ́ kí ẹ gbé e bọ́ sínú kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí, kí ẹnì kan lè kà á sí mi létí."

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ọ̀gá Dípò náà rẹ́rìn-ín.

"Mọ̀mí, ẹ̀rọ yìí ti kú kí wọ́n tó bí mi."

"Èmi náà ti wà láyé kí wọ́n tó bí ẹ," ni Màmá fèsì, "mi ò sì tíì kú."

Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Màmá yí orí sápá ibi tí ẹ̀rín ti wá.

Ọ̀gá Dípò gba iṣẹ́ náà nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Màmá wà ní Kánádà. Èmi ló gbé e fún, ó ní pàǹtí ló tọ́ sí mi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu Màmá. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìlú Ọba, ó gbé kọ̀ǹpútà náà bọ̀, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Màmá ló ń lò ó. Ní gbogbo Sátidé, tó bá ti fọṣọ tán, ó ń kọ ìtàn gígùn ní Yorùbá nípa obìnrin kan tó ń jẹ́ Abẹ́ní, taípíìsì ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó, tó kó kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó mú un lọ bá òǹtẹ̀wé kan. Ìyẹn ní kó jẹ́ kí Abẹ́ní padà sílé ọkọ kí ìwé náà lè tà. Màmá gbé díìsìkì rẹ̀ sínú agolo, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ bàjẹ́, ọkọ kú, àwọn ọmọ lọ.

Àpótí díìsìkì náà kò yí. Nígbà tí mo tú u, rọ́bà tó ń yí i ti yọ́ di ohun dúdú bí ọ̀dà. Mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ijegun-Egba, ó wá rọ́bà inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan tó bá a mu, ó ní, "Ọmọ, o ò ríṣẹ́ míràn ṣe ni?" Mo ra waya tó lè so kọ̀ǹpútà àtijọ́ mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo ní kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa ṣe bí ẹni ń tẹ ìwé náà sórí bébà, kí láptọ́ọ̀pù sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì waya kó máa gba ohun tó ń jáde.

Ó jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè kà á. Gbogbo ìlà so pọ̀ di ìlà kan ṣoṣo, nítorí ọ̀nà tí ẹ̀rọ àtijọ́ ń gbà parí ìlà yàtọ̀ sí ti òde òní. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni pé kọ̀ǹpútà náà kò ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn, Màmá sì ti fi àwọn àmì míràn rọ́pò wọn. Abẹ́ní di "Ab[/ni/". Ṣùgbọ́n di "#u\gb]/n".

"Kí ni ìyọnu?" ni Ọ̀gá Dípò wí. "Pa gbogbo àmì yẹn rẹ́. Ta ló ń kọ àmì lórí Yorùbá?"

Mo fi ìlà kan hàn án nínú orí kìíní: ọkọ Abẹ́ní gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀, ó gba oko lọ. Mo pa àmì rẹ̀ rẹ́ fún un. Oko Abeni gbe oko sinu oko, o gba oko lo.

Ó kà á, ó tún un kà. "Ó ṣì yé èèyàn," ó wí, ó sì lọ dáhùn fóònù.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá Màmá nílé rẹ̀, ilé ìsàlẹ̀ nínú Close kan, òpópónà kékeré kan tí igi máńgòrò bò. Mo bi í pé àmì wo ló fi dúró fún lẹ́tà wo. Ó ní òun ti gbàgbé. Mo gbé kíbọ́ọ̀dù náà sórí itan rẹ̀, mo ní kó tẹ "ẹyẹ" fún mi. Ìka rẹ̀ lọ tààrà síbẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ ń rìn. Mo ní kó tẹ "ọ̀ṣọ́", ó tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó tẹ "Ṣadé", ó tẹ àmì owó pọ́n-ùn, èyí tó ń di "#" lórí láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù.

"Kí ló dé tó jẹ́ pọ́n-ùn, Mọ̀mí?"

"Kí ni mo fẹ́ fi pọ́n-ùn ṣe nínú ìwé Yorùbá?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa méjèèjì nìyẹn. Mo sọ fún un pé nílé wa, ɛ àti ɔ ni wọ́n kọ́ wa láti fi kọ Yorùbá, láì sí àmì lábẹ́, àti pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù rí ìwé ọwọ́ mi, ó ní mi ò mọ sípẹ́lì. Màmá kò káàánú mi. Ó ní, "Ta ni ẹni náà?" Mo ní Ọ̀gá Dípò ni. Ó pòṣé gígùn kan tí mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ l'Ékòó. Irú òṣé tí ìyá mi máa ń pa ni. Mo padà sí Abúlé Adó lọ́jọ́ náà, mi ò sín ẹnikẹ́ni jẹ níwájú dígí.

Díìsìkì kan kù. Orí keje, orí ìparí ìwé náà, ló wà nínú rẹ̀, èbu funfun sì ti hù sójú rẹ̀ bíi ti búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ẹ̀rọ kò lè kà á. Mo sọ fún Ọ̀gá Dípò pé mo nílò àkókò láti fọ̀ ọ́. Ó ní àkókò ti tó. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó ṣí áàpù kan tó máa ń dá ìtàn kọ fúnra rẹ̀, ó sọ orúkọ Abẹ́ní fún un, ó ní kó kọ orí keje.

"Mọ̀mí ò ríran," ó wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Òun ló kọ ọ́, Ọ̀gá."

"Láti ìgbà wo? Ìwọ lo máa kà á fún un."

Mo ní mi ò ní kà á. Ó wò mí bí ẹni tí àga bá sọ̀rọ̀. Ó ní òun fúnra òun á kà á nígbà náà, kí n máa gbé láptọ́ọ̀pù bọ̀ lẹ́yìn òun.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Màmá, ọmọ rẹ̀ Túndé ti wà lójú fóònù láti Kánádà, wọ́n gbé e ti fílásíkì tíì. Ọ̀gá Dípò bọ́ kóòtù rẹ̀, ó jókòó, ó kà á pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Abẹ́ní wólẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. Abẹ́ní bẹ̀bẹ̀. Gbogbo ìdílé yọ̀, wọ́n sì gbé ní àlàáfíà. Màmá jẹ́ kó kà á tán.

"Abẹ́ní wólẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ̀mí. Ibẹ̀ dùn gan-an."

"Níbo ló ti wólẹ̀?"

"Nínú pálọ̀ ọkọ rẹ̀. L'Ékòó."

"Abẹ́ní ti kó lọ sí Kàdúná ní ìparí orí kẹfà. Ta ló gbé e padà?"

Ọ̀gá Dípò rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Mọ̀mí, ó ti pẹ́. Ẹ lè ti gbàgbé. Àgbà náà ni."

Lójú fóònù, Túndé dá sí i. "Mọ̀mí, ìparí rẹ̀ dáa báyẹn o. Ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀."

Màmá yí ojú sápá ibi tí mo dúró sí. "Ọmọ Kétu. Èmi ni mo kọ ohun tó kà yẹn?"

Iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń jẹun, mi ò sì ní ẹlòmíràn nílùú náà. Mo wo Ọ̀gá Dípò, ó ń fi ojú bá mi wí. Mo rí òógùn lórí imú rẹ̀, mo rí bí ọkùnrin tó mọ ohun gbogbo ṣe ń bẹ̀ mí láì lanu.

"Rárá, Mọ̀mí. Áàpù inú fóònù ló kọ ọ́. Díìsìkì yín ṣì wà lọ́wọ́ mi."

"O ṣeun," ni Màmá wí. "Túndé, máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Ìwọ ọkùnrin yìí, gbé kóòtù rẹ."

Níta, lábẹ́ igi máńgòrò, Ọ̀gá Dípò ní mi ò gbọdọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù òun mọ́ láéláé. Ó gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n padà sí Kùtọnu wa. Mo sọ fún un pé kó lọ wo máàpù kí ó tó máa lé èèyàn, kó má baà lé mi lọ sílùú tí mi ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ "Qlqbq". Mo padà wọlé láti kí Màmá pé ó dàbọ̀. Ó bi mí bóyá mo mọ bí wọ́n ṣe ń fọ díìsìkì. Mo ní mo mọ̀. Ó ní kí ni mo wá ń dágbére fún.

Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà, lórí láptọ́ọ̀pù tí Túndé fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ. Fífọ díìsìkì kì í ṣe ohun ìkánjú. Mo tú èèpo rẹ̀, mo fi òwú àti sípíríìtì nù ún yípo, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tún nù ún. Lẹ́nu ìgbà tí mò ń ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá ti ròyìn mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀gá ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kọ̀ǹpútà inú páálí wá. Mo gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde fún wọn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tó gbé jáde: ìwàásù tí àwọn ìjọ sùn lé lórí, ewì ìfẹ́ sí obìnrin tó fẹ́ ẹlòmíràn, ìtàn ìgbésí ayé ọ̀gá kan tí kò ṣe ju kó máa ṣe ìpàdé lọ. Wọ́n á jókòó tì mí, omi á lé ròrò lójú wọn. Mo ń kẹ́gàn wọn nínú mi, mo sì ń fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ wọn bó ṣe yẹ. Wọ́n ń pè mí ní Àǹtí Kétu. Nígbà tí ìyá mi bi mí ní ọjọ́ Àìkú kan pé ṣé mo ní ẹni tí a jọ ń sọ̀rọ̀, mo ní arúgbó kan wà, ó burú lẹ́nu. Ìyá mi ní, "Á dáa fún ọ níbẹ̀ nìyẹn."

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, díìsìkì náà yí, ẹ̀rọ ha, ó dákẹ́, ó tún ha, orí keje sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú láptọ́ọ̀pù. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù. Mo tún àmì rẹ̀ ṣe, mo pe Màmá, mo sì kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Abẹ́ní wà ní Kàdúná, ó ń sunkún. Ó sunkún nínú yàrá, ó sunkún ní ọjà, ó wo ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, ó tún sunkún. Bí orí keje ṣe parí nìyẹn.

"Kí lo rí sí i?" ni Màmá bi mí.

"Ó dára, Mọ̀mí."

"Má ṣe bíi Túndé."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. "Ẹkún rẹ̀ pọ̀ jù. Obìnrin tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ láti orí kìíní, ó kàn dé Kàdúná, ó di omi."

Màmá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Èmi ni mò ń sun ẹkún yẹn," ó wí. "Ọkọ mi tún ti padà sókè òkun, ilé dá páropáro, mo jókòó ti ẹ̀rọ, mo da omijé mi lé ọmọbìnrin ọlọ́mọbìnrin lórí. Pa á rẹ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Mọ̀mí, ẹ wo ìyà tó jẹ wá lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tọ́jú ẹ̀dà kan."

"Ṣé torí pé ó pẹ́ nínú agolo ló fi máa dára? Pa á rẹ́, ọmọ Kétu."

Mo pa á rẹ́. Ojú ìwé funfun ló kù níwájú mi. Màmá gbé àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó na ẹsẹ̀, ó ro díẹ̀.

"Ó yá, tẹ̀ ẹ́. *Ohun àkọ́kọ́ tí Abẹ́ní ṣe nígbà tó dé Kàdúná ni pé ó jẹun yó.*"

Mo tẹ̀ ẹ́.

"Kà á."

Mo kà á.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, ó wá ilé gbà."